Tòmátì Oníyeyè Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Tọrọ

Èmi, Sùlàímọ́nù Àkànjí Ọmọ́ládé, ọmọ bíbí Ìgbòho, tí mo ń ta ẹ̀yà ara moto lójú ọ̀nà Ouahigouya ní Tampouy, ní ìlú Ouagadougou, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí Abdulmuiz, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìgbòho, sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo jẹ́rìí pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni ìjọsìn tọ́ sí, àti pé ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni mo ń lọ. Orí mi pé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lóṣù tó kọjá sọ pé ọkàn mi ló ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, kò sọ ohunkóhun nípa orí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ lọ́la pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́, kí ó kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, kí ó wo bí ebè mi ṣe tò.

Ìyá Firdaus, aya mi, ẹ̀yin ọmọ mi Fàrúúkù àti Firdaus, àti ẹ̀yin tí mo fi ìwé yìí lé lọ́wọ́: ẹ jókòó. A kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí ìdúró. Ẹni tó bá ń kánjú, kí ó kọ́kọ́ lọ síbi tó ń lọ, kí ó padà wá, òkú kì í kánjú.

Ìkínní. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ.

Alfa Jìbírílù àti Mùíbì ni mo yàn. Mo yan Alfa nítorí pé ó mọ òfin ogún. Mo yan Mùíbì, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kó tó ní ìsọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìkejì. Ilé àti ìsọ̀.

Kí wọ́n pín in bí Kùránì ṣe ní kí a pín in. Alfa ti là á yé mi pé ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún, n kò lè fi ìwé ìhágún fi nǹkan kún un fún un, àti pé ohun tí mo lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ẹni tí ìpín rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, kì í ṣe èmi ni yóò bá jà.

Fàrúúkù, níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé: mo mọ̀ pé o ti fi okùn wọn ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí tòmátì mi wà. O rò pé mo ti lọ kírun. Yàrá mẹ́ta ni o fẹ́ kọ́ síbẹ̀ kí o fi gba àwọn ayálégbé. Ipa bàtà rẹ ṣì wà lórí ebè kejì. Ní ìpín keje ìwé yìí, wàá rí ohun tí mo ṣe sí okùn rẹ.

Ìkẹta. Ẹran ọ̀sìn.

Àgbò funfun tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo fún Mùíbì. Kò gbọ́dọ̀ pa á níbi ìsìnkú mi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tó máa pa á. Ìgbẹ́ àgbò yìí ló ń mú kí tòmátì mi tóbi. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ọbẹ̀, kò yẹ kí òun náà tún parí sínú ọbẹ̀.

Ti àwọn adìẹ, Ìyá Firdaus ló ni wọ́n, n kò lè hágún ohun tí kì í ṣe tèmi. Mo kàn fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé olè ni gbogbo wọn.

Ìkẹrin. Irinṣẹ́.

Ọkọ́ kékeré àti garawa olójú wẹ́wẹ́ tí mo fi ń bomi rin, Mùíbì náà ni kí ó gbà wọ́n. Ọwọ́ ọkọ́ náà ti yẹ̀ díẹ̀. Kí ó má tún un ṣe, ọwọ́ èmi ló bá mu bẹ́ẹ̀, yóò sì bá ọwọ́ tirẹ̀ mu tó bá ti lò ó fún ọdún méjì.

Ìkarùn-ún. Irúgbìn.

Ibí ni kí ẹ ti la etí sílẹ̀. Tòmátì tí mo ń gbìn kì í ṣe èyí roboto tó kún ojú ọjà. Ó gùn, ó rí bí èso ìyeyè gẹ́lẹ́, ìdí nìyí tí ìyá mi fi ń pè é ní oníyeyè. Ẹran rẹ̀ nípọn, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, kóró rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tí ẹ gbé e ka iná, kò ní dá yín dúró títí omi yóò fi gbẹ kí ẹ tó da òróró sí i. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ yìí ní ọdún 2009, mo lọ sí Ìgbòho lọ sọ fún ìyá mi. Kò bi mí bí ilé náà ṣe tóbi tó. Ó bi mí bóyá ó ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní ó ní i. Ó wọ yàrá, ó gbé igò oògùn ikọ́ kan jáde, ó ti po kóró tòmátì mọ́ eérú nínú rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní ibodè mẹ́ta ni wọ́n ti ṣí igò náà wò. Aṣọ́bodè kan tọ́ eérú náà lá, ó tutọ́, ó ní kí n máa lọ. Ìyá mi kú lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí mi tí mo jókòó ti ebè tí n kò ṣe nǹkan kan, kì í ṣe pé mo ń ya ọ̀lẹ. Mo jókòó ti ìyá mi ni.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú kóró rẹ̀ nìyí. Ẹ mú èso tó pọ́n dénú lórí igi, kì í ṣe èyí tó já bọ́. Ẹ fún kóró rẹ̀ sínú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó kan. Yóò rùn. Ẹ má dà á nù, bí Ìyá Firdaus ṣe dà á nù ní ọdún 2016 tó ní nǹkan ti kú sínú ife. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án, ẹ sá a sórí àwo lábẹ́ òjìji, kì í ṣe sórí ìwé, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òjò bá ti lọ ní oṣù kẹwàá ni kí ẹ gbìn ín, kí ọyẹ́ lè bá a níbi tó ti ń tanná. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa bomi sí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ má bu omi lé ewé. Bí ẹ bá bomi rin ín lónìí, tí ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́la, tí ẹ wá rọ omi púpọ̀ sí i lọ́tùn-únla, ìdí èso náà yóò dúdú, yóò sì rà. Omi ewé dógóyárò ni ẹ máa wọ́n sí i tí kòkòrò bá dé.

Mo fẹ́ hágún kóró náà fún Firdaus. Mo bi Alfa bóyá kóró tí kò kún ṣíbí wà lára ogún. Ó ronú sí i láti ìrun Alásàrí títí di Màgáríbì, ó ní ó wà lára rẹ̀. Nítorí náà mo ti gbé igò náà lé Firdaus lọ́wọ́ ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ṣì wà láàyè, kí Alfa lè rí oorun sùn.

Ìyá Firdaus, Modinat mi, mo mọ̀ nípa tòmátì inú agolo. Láti ọdún 2012 ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni o ń fi í pamọ́ sí, o sì máa ń pò ó mọ́ tèmi tí àlejò bá pọ̀, wọn yóò wá máa kí mi kú iṣẹ́. N kò sọ̀rọ̀ nítorí pé ọbẹ̀ náà dùn. N kò tún sọ̀rọ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn bí o ṣe máa ń wò mí nígbà tí wọ́n bá ń yìn mí.

Ìkẹfà. Gbèsè.

N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó bá mú ìwé wá lẹ́yìn ikú mi, irọ́ ló ń pa. Gbèsè kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn mi, Rodolphe Toé ni mo jẹ ẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín. Ẹ̀yin ọmọ mọ̀ ọ́n sí bàbá tó máa ń kí mi bí ẹni ń kí gómìnà. Ẹ kò mọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kó dé ibí, mo ti lo ọdún mọ́kànlá ní Ouaga. Mòòré, èdè àwọn Mósì tó pọ̀ jù níhìn-ín, ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu débi pé àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé abúlé wo ni mo ti wá lápá Ouahigouya. Inú mi máa ń dùn, n kì í sì í sọ fún wọn pé Ìgbòho ni. Aṣọ òfì tí àwọn Mósì ń wọ̀ ni mo ń wọ̀, Souleymane sì ni gbogbo ọjà ń pè mí. Rodolphe wò mí láti orí ògiri, ó gbà pé Mósì ni mí. Òun fúnra rẹ̀, ẹ̀yà Sámò ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni Mósì àti Sámò ti máa ń bú ara wọn ṣeré. Èyí yóò ní ẹrú òun ni tọ̀hún, yóò sì mú ohun tó bá wù ú nílé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

Ní oṣù kejì ọdún 2010, oníyeyè mi àkọ́kọ́ pọ́n. Mo pe Alfa, mo pe Mùíbì, mo pe àwọn àgbà ọmọ Ìgbòho pé kí wọ́n wá wo nǹkan. A dúró yí ebè ká, a ń ṣàdúà. Rodolphe yọrí lórí ògiri, ó nawọ́, ó já èyí tó pọ́n jù lọ, ó gé e jẹ. Ó wá sọ ní Mòòré, ní ohùn tí gbogbo àdúgbò gbọ́, pé ẹrú òun ṣe dáadáa lọ́dún yìí, pé bí ó bá ń ṣe báyìí lọ, òun kò ní tà á.

Ẹrú! Lójú àwọn ará ilé mi! Ìdílé wà ní Ìgbòho tí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tú ká. Ojú mi ṣú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kó àgbà mẹ́fà sẹ́yìn, mo gba ilé baálẹ̀ àdúgbò lọ. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní kí èmi náà lọ jí adìẹ Rodolphe, kí ọ̀rọ̀ parí. Mo ní n kò wá ṣeré. Wọ́n ránṣẹ́ pe Rodolphe. Ó bi mí tìyanutìyanu bóyá n kì í ṣe Mósì. Mo nà tàntàn, mo ní Yorùbá ni mí, ọmọ ọba sì ni mí, èyí tí kì í ṣe òtítọ́. Ojú tì í. Ó ṣí fìlà, ó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ènìyàn, ó sì mú àkùkọ kan wá fi bẹ̀ mí. Mo gba àkùkọ náà. Mo jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti pàdé, ohun tó fi ń kí mi ní Faransé kò ju bonjour, monsieur Ọmọ́ládé. Ó ti di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, mo bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Àwọn Mósì dé. Ọ̀kan wọ bàtà olóògbé, ó ń rìn bó ṣe ń rìn, ó ń wúkọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Òmíràn jókòó sẹ́nu sàréè, ó ní òun kò kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá wá ọtí fún òun. Mo wo Rodolphe, tó ti ń sunkún láti òwúrọ̀. Ẹ̀rín ń pa á débi pé ó di ògiri mú. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ó wá yé mi pé lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn pè mí ní ẹrú, ṣe ló ń gbà mí sílé, èmi ni mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ ara mi níta.

Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní ọdún Kérésìmesì kan mo gun àga, mo bú u láti orí ògiri. Ṣùgbọ́n n kò mọ eré náà ṣe. Eyín rẹ̀ ni mo bú, eyín náà sì ń ro ó lọ́jọ́ yẹn. Ó fi Faransé dúpẹ́ pé merci, monsieur, ó wọlé. Mo gbin tòmátì lẹ́bàá ògiri kí ó lè ṣubú sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá já bọ́ ló ń kó padà fún mi nínú àwo, ó fi aṣọ funfun bò ó. Mo jí adìẹ rẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun tọ́jú rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ọkùnrin náà ti pọ̀ jù, ó fẹ́ẹ̀ pa mí kí ọkàn wíwú yìí tó dé.

Rodolphe, mo jẹ̀bi. Ó ti yẹ kí n sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ìgbéraga ni kò jẹ́. Kí Alfa àti Mùíbì fún Rodolphe Toé ní àkùkọ kan tó sanra ju èyí tí mo jẹ lọ.

Ìkeje. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Láti inú ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin yọ̀ǹda fún mi, mo ya ebè mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ògiri sọ́tọ̀. Rodolphe Toé ni mo fún ní ẹ̀tọ́ láti máa jí tòmátì níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo ní kí ó máa jí i. Kò gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Bí ó bá gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí tó sọ bonjour kí ó tó já a, tàbí tó dúpẹ́ lẹ́yìn tó já a, ẹ̀tọ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó bá ká a mọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pariwo olè, kí ó sì lé e, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bá a. Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, ẹ rọra sáré.

Firdaus ni yóò máa gbin ebè náà. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò máa gun moto wá láti àdúgbò Patte d'Oie ní gbogbo Sátidé. Modinat ni yóò máa bomi rin ín. Ó ní òun kò ní ṣe é. Mo ti fẹ́ ẹ fún ọdún mọ́kàndínlógójì, mo mọ̀ pé yóò ṣe é. Fàrúúkù kò gbọ́dọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù kan síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Rodolphe bá wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ máa béèrè ìlera bàbá náà lójoojúmọ́.

Ìkẹjọ. Ìsìnkú.

Kí wọ́n sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Alfa ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í bú òkú mùsùlùmí, mo sì ti gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: n kì í ṣe Mósì, n kì í ṣe Sámò. Ní gbogbo ìlú yìí tí mo ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹnì kan tí àṣà fún láyè láti bú mi. Wọn yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ pé ènìyàn dáadáa ni. Kò sí òkú tí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. N kò fẹ́ lọ bí àlejò tí wọ́n sìn dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì juwọ́ sí. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ nínú ìwé tí mo ti ń fúnni ní nǹkan yìí: kí Rodolphe Toé bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Bí mo bá rí ìyẹn gbà, ìyókù, ẹ bá Alfa tò ó.

Mo fọwọ́ sí i ní ilé mi ní Tampouy, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 2025.

Sùlàímọ́nù Àkànjí Ọmọ́ládé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Abdulmuiz, akọ̀wé ẹgbẹ́
Nuru, aránṣọ, Paspanga

Àfikún láti ọwọ́ akọ̀wé. Baba ní kí n pe ọ̀gbẹ́ni Toé wá, kí n tú ìwé yìí fún un sí Mòòré láti òkè délẹ̀. Alfa Jìbírílù ní ẹni tí a hágún fún kì í ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí náà ọ̀gbẹ́ni Toé kò sí lára àwọn ẹlẹ́rìí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Baba kò lè wò ó lójú. Ohun tó ní kí n kọ nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀:

Èmi, Rodolphe Toé, gbọ́ ìwé yìí, mo sì kọ̀ ọ́. Ẹrú kì í ṣe ìwé ìhágún. Ilé tó ń pín, èmi ni mo ni ín. Àgbò tó fi ń tọrẹ, èmi ni mo ni ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo dá sílẹ̀, nítorí pé ó ti jìyà tó. Bí ó bá jẹ́ Mósì tàbí Yorùbá, ìyẹn kò kàn mí, ọjà tí mo ti rà, n kì í dá a padà. Mo já mẹ́rin bí mo ṣe ń wọlé bọ̀, wọ́n kéré, iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dínkù. Wọ́n ní ó ń múra àtikú. Ọwọ́ ta ló ti gba àyè? N kò fún un láyè. Kí ó pa ìwé yìí pọ̀, kí ó dìde, kí ó lọ bomi rin tòmátì mi, oòrùn ti ń mú.